Bí Módẹ́ẹ̀mù USB Kò Bá Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Linux Wọ Íntánẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ọ̀pọ̀ ohun tí ará ìlú ń lọ ṣe ní ọ́fíìsì nígbà kan rí ti di ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń béèrè fún ẹ̀yáwó NELFUND, orí rẹ̀ ni àgùnbánirọ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NYSC, orí rẹ̀ náà sì ni ẹni tí yunifásítì fún láàyè ti ń sọ fún JAMB pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Nínú ilé tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà, tó sì jẹ́ pé módẹ́ẹ̀mù kékeré kan ló ń gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí módẹ́ẹ̀mù náà bá dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òṣogbo dé Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń lo Linux lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo módẹ́ẹ̀mù tó dákẹ́ ló bàjẹ́. Ibi márùn-ún ni ọ̀nà ti lè dí láàrin kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ nínú wọn. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè ni à ń lóṣòó sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀bi wà, kí á tó náwó.

ÌDÍ TÍ LINUX FI WỌ ILÉ WA

Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde iṣẹ́ tó wá di Linux. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọ̀la ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Linux. Àwọn irú rẹ̀ tó fúyẹ́, bí Lubuntu, Linux Mint Xfce, antiX àti Puppy Linux, kò béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Nítorí náà, Linux ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ tó ṣì lágbára lára fi lè máa bá iṣẹ́ lọ láìléwu.

BÍ MÓDẸ́Ẹ̀MÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ní ayé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, wáyà tẹlifóònù ilé ni módẹ́ẹ̀mù ń lò. Yóò tẹ nọ́ńbà bí ènìyàn, yóò han fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wọlé. Èyí tó yára jù nínú wọn kò ju 56 kílóbíìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì 5 MB kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú 12 kó tó wọlé tán. Ìpè GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tó sì yá, módẹ́ẹ̀mù USB tó ń lo síìmù gba ipò wáyà.

Àṣà àtijọ́ náà kò parẹ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù USB ṣì ń tẹ nọ́ńbà kí wọ́n tó wọlé. Nọ́ńbà náà ni *99#. Ètò tó ń tẹ̀ ẹ́ wà nínú módẹ́ẹ̀mù láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó tà á, ṣùgbọ́n Windows ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Èyí ló fà á tí módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà aládùúgbò fi lè dà bí òkú lórí Linux. Linux ní ètò tirẹ̀ fún iṣẹ́ náà; àwa ni yóò tọ́ka ọ̀nà fún un.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ ṣí ojú ewé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Terminal. Ẹ tẹ àwọn àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí gẹ́lẹ́ bí a ti kọ wọ́n, pẹ̀lú àlàfo àti lẹ́tà ńlá wọn, kí ẹ sì tẹ Enter. Àṣẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sudo yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ náà, ohunkóhun lè má hàn lójú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àléébù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ sì tẹ Enter. Àwọn àṣẹ wọ̀nyí bá Lubuntu, Linux Mint àti antiX mu. Ẹni tó ń lo Puppy Linux yóò rí ètò Pupdial lórí ẹ̀rọ rẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà.

Ẹ má ṣe kánjú fo ìgbésẹ̀ kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: IHÒ USB ÀTI INÁ

Ihò USB ni módẹ́ẹ̀mù ti ń jẹ iná. Ìwọ̀n tí ihò USB 2.0 lè fún un kò ju 500 mA lọ, ihò tó ti gbó sì lè má fún un tó bẹ́ẹ̀. Bí iná kò bá tó, módẹ́ẹ̀mù yóò tàn, yóò sì kú nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

1. Ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù kúrò lára ohun tó ń pín ihò USB kan sí mẹ́rin. Ẹ kì í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lò.

2. Ẹ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tẹ àṣẹ yìí:

lsusb

Orúkọ gbogbo ohun tó wà lára ihò USB yóò jáde. Ìlà tí 12d1 bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti Huawei. Èyí tí 19d2 bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ZTE.

3. Ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù, kí ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀. Bí ìlà kan bá dín, kọ̀ǹpútà ń rí módẹ́ẹ̀mù. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ gbìyànjú ihò mìíràn, kí ẹ sì tún dán an wò lára kọ̀ǹpútà mìíràn.

Bí kọ̀ǹpútà méjì kò bá rí i rárá nínú ihò tó ju ẹyọ kan lọ, a lè sọ nígbà náà pé módẹ́ẹ̀mù ti bàjẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: MÓDẸ́Ẹ̀MÙ TÓ Ń PE ARA RẸ̀ NÍ CD

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ kì í bọ ihò, ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù máa ń fi ara wọn hàn bí àwo CD, kí Windows lè rí ètò tó wà nínú wọn kà. Ó yẹ kí ẹnìkan pàṣẹ fún un pé kó fi ìwà CD sílẹ̀ kó sì di módẹ́ẹ̀mù. Lórí Linux, ètò tó ń pa àṣẹ náà ni usb-modeswitch.

Ẹ tẹ:

ls /dev/ttyUSB*

Bí ẹ bá rí /dev/ttyUSB0, ttyUSB1 tàbí ttyUSB2, ó ti di módẹ́ẹ̀mù. Bí ohun tó jáde bá ní No such file or directory nínú, ìwà CD ló ṣì ń hù.

Ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi gba ètò tó kù. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ń yípo lójú kan, ṣùgbọ́n fóònù Android lè gbà yín. Ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tan USB tethering nínú ètò fóònù náà. Linux yóò gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ:

sudo apt update
sudo apt install usb-modeswitch modemmanager ppp

Ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù, ẹ ka oókan dé ogún, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì tún wo /dev/ttyUSB*.

Ohun mìíràn tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ètò tó ń tẹ nọ́ńbà kò ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan módẹ́ẹ̀mù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde nígbà náà ni Permission denied. Ẹ fi orúkọ yín kún ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ náà, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn:

sudo usermod -aG dialout $USER

Àkíyèsí: àwọn módẹ́ẹ̀mù Huawei kan tó jẹ́ irú HiLink kì í tẹ nọ́ńbà. Wọn kò ní fi ttyUSB hàn, kò sì yẹ kí ẹ dààmú nítorí rẹ̀. Ẹ ṣí 192.168.8.1 nínú ètò tí ẹ fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti tún ètò rẹ̀ ṣe.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: SÍÌMÙ ÀTI NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ

Ẹ yọ síìmù, kí ẹ fi í sínú fóònù. Ohun tí fóònù bá sọ yóò gba ọ̀pọ̀ wàhálà kúrò lọ́rùn yín.

Láti ọdún 2023 ni àjọ NCC, tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti mú kí gbogbo iléeṣẹ́ máa lo àwọn nọ́ńbà kan náà:

*310# fún iye owó tó kù
*323# fún dátà tó kù
*312# fún ríra dátà
996 fún àyẹ̀wò ìforúkọsílẹ̀ síìmù àti NIN
300 fún pípe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà

Ẹ rí i dájú pé dátà ṣì wà, pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti pé a ti so síìmù náà mọ́ NIN. Síìmù tí a kò bá so mọ́ NIN ni a máa ń tì pa. Síìmù inú módẹ́ẹ̀mù ni a máa ń gbàgbé jù, nítorí pé a kì í fi í pe ẹnikẹ́ni. Bí síìmù bá ń béèrè PIN nígbà tí ẹ fi í sínú fóònù, ẹ pa ìbéèrè PIN náà níbẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ló ń lo síìmù ńlá. Bí síìmù yín bá jẹ́ kékeré, ẹ fi férémù rẹ̀ sí i, kí ẹ sì rí i pé ó jókòó dáadáa. Ẹ má ṣe fi férémù òfìfo wọ inú rẹ̀, nítorí ó lè fa irin inú rẹ̀ ya. Ẹ rántí pẹ̀lú pé módẹ́ẹ̀mù tí iléeṣẹ́ kan tà lè kọ síìmù iléeṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá ń béèrè nọ́ńbà ìṣínà, ẹ má ṣe máa méfò. Ó ní iye ìgbà tí ẹ lè gbìyànjú kó tó ti ara rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì:

mmcli -L
mmcli -m 0

Èkíní yóò sọ nọ́ńbà tí Linux fún módẹ́ẹ̀mù. Bí nọ́ńbà náà kò bá jẹ́ 0, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ rí sí àṣẹ kejì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú state: locked túmọ̀ sí pé ó ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà ìṣínà, searching túmọ̀ sí pé ó ṣì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, registered túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbà á. Iye tó wà níwájú signal quality ni agbára rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ilẹ̀ olókè. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ òkè, bí ti agbègbè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lè máà rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára nínú yàrá, kó sì rí i ní ojú fèrèsé. Ní Òṣogbo àti Iléṣà pẹ̀lú, páànù orí ilé àti ògiri tó nípọn máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ fèrèsé, tàbí kí ẹ lo wáyà USB tó dára tí kò gùn ju mítà méjì lọ láti fi gbé módẹ́ẹ̀mù sókè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wúwo ní àṣálẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ń lò ó, ẹ gbìyànjú ní ìdájí.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ÈTÒ ÌPÈ

Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tí a ń pè ní APN. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ìpè náà kò ní wọlé. Èyí ni àwọn tí a ń lò jù:

MTN: web.gprs.mtnnigeria.net, orúkọ: web, ọ̀rọ̀ aṣínà: web
Airtel: internet.ng.airtel.com, orúkọ: internet, ọ̀rọ̀ aṣínà: internet
Glo: gloflat, orúkọ: flat, ọ̀rọ̀ aṣínà: flat

Bí ẹ bá ń lo iléeṣẹ́ mìíràn, ẹ pe 300 kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀nà tó rọrùn: lórí Lubuntu tàbí Linux Mint, ẹ ṣí Network Connections, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, kí ẹ sì yan Mobile Broadband. Ẹ yan Nàìjíríà àti iléeṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi APN tí ẹ rí níbẹ̀ wé èyí tó wà lókè yìí. *99# ni kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀nà kejì: bí ètò wvdial bá wà fún Linux yín, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú fáìlì /etc/wvdial.conf:

[Dialer Defaults]
Modem = /dev/ttyUSB0
Baud = 460800
Init1 = ATZ
Init2 = AT+CGDCONT=1,"IP","web.gprs.mtnnigeria.net"
Phone = *99#
Username = web
Password = web
Stupid Mode = 1

Ẹ fi APN iléeṣẹ́ yín rọ́pò ti MTN bí ó bá yẹ, kí ẹ sì tẹ:

sudo wvdial

Bí ó bá wọlé, ọ̀rọ̀ local IP address yóò jáde. Ẹ má ṣe pa ojú ewé náà títí ẹ ó fi parí iṣẹ́; Ctrl àti C papọ̀ ni a fi ń gé ìpè.

Bí kò bá wọlé, ẹ wo ohun tó kọ. NO CARRIER ń sọ pé módẹ́ẹ̀mù pè ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbà á. Ẹ padà yẹ APN, dátà àti agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Device or resource busy ń sọ pé ètò méjì ń du módẹ́ẹ̀mù kan. Ẹ má ṣe lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Lórí Lubuntu àti Linux Mint, àṣẹ yìí yóò dá ọ̀nà àkọ́kọ́ dúró kí ẹ tó lo wvdial:

sudo systemctl stop ModemManager

Bí módẹ́ẹ̀mù kò bá dáhùn rárá, ẹ fi ttyUSB1 tàbí ttyUSB2 rọ́pò ttyUSB0.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ó WỌLÉ, ṢÙGBỌ́N OJÚ EWÉ KÒ ṢÍ

Ẹ yọ fóònù tí ẹ so mọ́ ọn ṣáájú, kí ó má baà da ọ̀nà rú, kí ẹ sì tẹ àṣẹ méjì yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

ping -c 4 8.8.8.8
ping -c 4 google.com

Bí èkíní bá dáhùn tí èkejì kò dáhùn, ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ bí a ti ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Nínú Network Connections, ẹ lọ sí IPv4, kí ẹ sì kọ 8.8.8.8 sí ibi tí a kọ DNS sí. Bí èkíní kò bá dáhùn rárá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Bí méjèèjì bá dáhùn tí ètò tí ẹ fi ń wo ojú ewé sì ń kìlọ̀ pé ibẹ̀ kò láàbò, ẹ wo ọjọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú aago nígbà tí iná kò bá sí. Bí ó bá ti kú, ẹ̀rọ lè máa rò pé ọdún 2009 ni a ṣì wà. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ojú ewé ìjọba àti ti báǹkì ń lò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ ọ́ bí ọjọ́ kò bá bá ara mu. Ẹ fi ọjọ́ àti aago tòótọ́ rọ́pò èyí tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí:

sudo date -s "2026-03-16 09:30"

Bí ọjọ́ náà bá tún sọnù lẹ́yìn tí ẹ pa ẹ̀rọ, bátìrì náà ni ẹ ó pààrọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ni orúkọ rẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ẹ yọ síìmù yín kúrò nínú módẹ́ẹ̀mù tí kò bá nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní NIN, PIN báǹkì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ sọ fún un ìgbésẹ̀ tí ẹ dé àti ohun tí ẹ̀rọ kọ. Yóò dín àkókò kù, yóò sì dín owó kù. Bí ó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ ní ẹjọ́ sí, ẹ kọ́kọ́ pe 300. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, láìsan owó ìpè.

ÀKÓTÁN

Ihò USB, ìwà CD, síìmù, ètò ìpè, orúkọ àti ọjọ́: bí ẹ bá tẹ̀ lé wọn báyìí, láti ibi tó sún mọ́ yín dé ibi tó jìnnà, ẹ ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yín. A gba ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ níyànjú kí ẹ tẹ ìtọ́sọ́nà yìí sórí ìwé, kí ẹ sì fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí ọjọ́ tí módẹ́ẹ̀mù bá dákẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lè ṣí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí kí ẹ tó dán módẹ́ẹ̀mù yín wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.